Ẹ Jẹ́ Ká Ka Àwọn Òkú Wa: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin

Sí Ọlọ́lá, Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, àti sí ẹ̀yin káńsẹ́lọ̀ wa gbogbo,

Ẹ̀yin la dìbò fún láti máa bójú tó wa láti Festac dé Mile 2, láti Kírikìrì dé Agboju àti Abúlé-Adó. N kò kọ ìwé yìí nítorí gọ́tà tó dí tàbí iná òpópónà tó kú. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ lórí tábìlì yín. Iṣẹ́ kan tí òfin gbé lé yín lọ́wọ́, tí ará ìlú kì í sábà bèèrè rẹ̀, ni mo bá wá.

Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ọjà wà níbẹ̀, ibùdókọ̀ wà níbẹ̀, itẹ́ òkú wà níbẹ̀. Kíkọ orúkọ gbogbo ẹni tí a bí, gbogbo ẹni tó kú àti gbogbo ẹni tó ṣègbéyàwó sílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ti ìbí, a ń gbìyànjú, torí ilé-ìwé àti páásípọ́ọ̀tù ń bèèrè ìwé ọjọ́ ìbí. Ti ìgbéyàwó, kò sí tọkọtaya tí yóò gbàgbé ìwé ẹ̀rí tiwọn. Ti ikú ni kò rí ẹni bá a sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀, àkọsílẹ̀ ikú kì í ṣe iṣẹ́ akọ̀wé lásán. Òun ni ìṣègùn fi ń ya oògùn tó ń gba ẹ̀mí là sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó kàn ń mú èsì àyẹ̀wò dára.

Nígbà tí àìsàn ńlá bá wọlé, ìbéèrè kan ló máa ń wà lẹ́nu ẹbí: ṣé yóò yè é? Dókítà lè sọ pé ìfúnpá ti wálẹ̀, pé ara tó gbóná ti rọlẹ̀, pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti ń dára. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni àyẹ̀wò wọn dára tí wọ́n sì kú.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà gbà fún ọdún pípẹ́ pé bí ọkàn ẹni tó ti ní ìkọlù ọkàn bá ń lù ségesège, oògùn tó bá mú lílù náà tọ́ yóò dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Oògùn méjì, encainide àti flecainide, ń mú un tọ́ lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n wá ṣẹ́ gègé pín nǹkan bí 1,500 aláìsàn sí ọ̀nà méjì, tí àwọn kan gba oògùn, tí àwọn yòókù gba hóró tí kò ní agbára kankan nínú, ẹni 63 ló kú lára àwọn tó gba oògùn, 26 lára àwọn tí kò gbà á. Ọdún 1991 ni wọ́n tẹ èsì náà jáde. Oògùn tún ìlù ọkàn ṣe, ó sì pa ọlọ́kàn.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, ẹ jẹ́ ká wálé sí Áfíríkà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìwé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti ń sọ pé bí wọ́n bá gbé ọmọ dé tí àkóràn ti mú kí ó fẹ́ẹ̀ dákú, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tutù, kí wọ́n tètè fa omi púpọ̀ sí i lára. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kathryn Maitland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán àṣà yìí wò lára ọmọ 3,141 ní Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tàǹsáníà. Àwọn kan gba omi púpọ̀ ní wàràwàrà. Àwọn kan gba kìkì ìwọ̀n díẹ̀díẹ̀ tí ara ọmọ nílò. Láàárín wákàtí kìíní, àwọn tó gba omi púpọ̀ ni ara wọn kọ́kọ́ ń padà bọ̀ sípò jù. Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n ti dá kíkà náà dúró, wọn ì bá ti kéde pé omi ló borí. Ṣùgbọ́n wákàtí 48 ni wọ́n fi kà. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó gba omi púpọ̀, mẹ́wàá sí mọ́kànlá ló kú. Nínú ọgọ́rùn-ún tí kò gbà á, bíi méje. Ní oṣù Kìíní ọdún 2011, wọ́n dá ìwádìí náà dúró kí ó tó parí. Ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ti gbẹ omi ara rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ o. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣì nílò omi kíákíá. Ṣùgbọ́n fún àwọn tó wà níbẹ̀, àmì ara sọ tirẹ̀, ikú sọ òmíràn, ti ikú ló sì jẹ́ òótọ́.

A kì í torí kí a lè bú oògùn nìkan ka ikú. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nínú wa ó rántí quinine, oògùn tó ń mú etí ẹni hó yee. Òun la gbójú lé tí akọ ibà bá ti wọ ọmọ lọ́pọlọ. Ní 2010, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lórílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́sàn-án. Nàìjíríà wà níbẹ̀, Ìlọrin ni wọ́n sì ti ṣe ti wa. Ọmọ 5,425 ló kópa, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pín wọn sí méjì ọgbọọgba. Lára àwọn tó gba quinine, 297 kú. Lára àwọn tó gba artesunate, 230. Nínú ikú mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ì bá ṣẹlẹ̀ lábẹ́ quinine, artesunate dá ọ̀kan dúró. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí artesunate gba ipò quinine fún àwọn ọmọ Áfíríkà tí akọ ibà bá dá dùbúlẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì ń gún fún ọmọ wa lónìí, àwọn ọmọ Ìlọrin wà lára ẹlẹ́rìí rẹ̀, àwọn tó yè àti àwọn tí kò yè. Àwọn àgbà ní ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Ẹni tí kò bá ka ikú náà, báwo ni yóò ṣe gbọ́ òwe náà?

Kíkà yìí sì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ń pè ní WOMAN gba obìnrin 20,060 tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára wọn lẹ́yìn ìbímọ, ní ilé ìwòsàn 193 lórílẹ̀-èdè 21. Nàìjíríà wà lára àwọn tí aláìsàn wọn pọ̀ jù níbẹ̀. Oògùn olówó pọ́ọ́kú kan, tranexamic acid, ni wọ́n dán wò. Ìpinnu wọn níbẹ̀rẹ̀ ni láti ka ikú àti yíyọ ilé-ọmọ pọ̀. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, wọ́n rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà, oníṣẹ́-abẹ ti pinnu láti yọ ilé-ọmọ kí oògùn tó ráyè ṣiṣẹ́. Oògùn kò sì lè yí ìpinnu tó ti ṣẹlẹ̀ padà. Nígbà tí èsì dé, kíkà méjèèjì pọ̀ fi oògùn hàn bí ohun tí kò wúlò. Ikú tí ẹ̀jẹ̀ fà nìkan ló sọ òdodo: 155 lára àwọn tó gba oògùn, 191 lára àwọn tí kò gbà á. Ó sì hàn pé ẹni tó bá gbà á láàárín wákàtí mẹ́ta ló ń jàǹfààní rẹ̀ jù.

Wákàtí mẹ́ta, Ọlọ́lá! Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wákàtí mẹ́ta jẹ́ fún aboyún tó ń bọ̀ láti Ìjẹ̀gún lọ́jọ́ tí táńkà àti tírélà bá dí gbogbo ọ̀nà Mile 2. Bí a bá ní àkọsílẹ̀ àwọn ìyá ìkókó tó kú láàárín wa, pẹ̀lú àdúgbò wọn àti wákàtí tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀, a ó mọ̀ bóyá oògùn ni kò sí nílé ìwòsàn tàbí ọ̀nà ni kò jẹ́ kí wọ́n débẹ̀. Ìṣòro méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ó sì ná lé wọn.

Àwọn kan yóò sọ pé ikú nìkan kọ́ ni ìyà. Òótọ́ ni. Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde mọ ohun tí ìrora inú egungun ń ṣe fún ènìyàn lóru. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ gba ohùn lẹ́nu rẹ̀ kò kú, síbẹ̀ ilé rẹ̀ kò lè sọ pé àlàáfíà wà. Ìwádìí tó bá ka ikú nìkan kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Ó sì tún ń gba aláìsàn púpọ̀, ọdún púpọ̀ àti owó púpọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn aṣèwádìí máa wá ọ̀nà àbùjá.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀nà àbùjá náà já sí. Kò sí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń bí ọmọ aláàrùn fòníkú-fọ̀ladìde tó Nàìjíríà láyé. Ní 2019, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn voxelotor, tí orúkọ ọjà rẹ̀ ń jẹ́ Oxbryta, fún àrùn yìí, nítorí pé ó ń mú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ aláìsàn gòkè. Kò sí ẹ̀rí nígbà náà pé ó ń mú ẹ̀mí gùn. Ìwádìí ń bá a lọ, àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà sì wà nínú rẹ̀, ti Nàìjíríà pẹ̀lú. Nínú ọ̀kan tí ọmọ 236 kópa, mẹ́jọ kú lára àwọn tó ń lo oògùn náà, méjì lára àwọn tí kò lò ó. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, iléeṣẹ́ Pfizer kó o kúrò lọ́jà jákèjádò ayé. Kí ẹnikẹ́ni tó lè ṣàlàyé bóyá oògùn ló pa wọ́n tàbí nǹkan mìíràn dara pọ̀ mọ́ ọn, kíkà ló kọ́kọ́ lu agogo. Ìtura ìrora ṣe pàtàkì, ẹ jẹ́ ká máa wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sí ìwádìí lórí àìsàn ńlá tí kò ní lè dáhùn nígbà tí a bá bi í pé, ẹni mélòó ló kù láàyè?

Ẹ ó wá bi mí pé kí ló kan Amúwo-Ọ̀dọ̀fin nínú gbogbo èyí. Ẹ rántí ọdún 2020. Nígbà tí Kòrónà dé, chloroquine wọ́n gógó ní kẹ́mìsì, àwọn kan ní Èkó sì lò ó débi tí wọ́n fi dèrò ilé ìwòsàn. Ariwo ló ta ọjà yẹn, kì í ṣe ẹ̀rí. Ní ìlú Ọba, ìwádìí kan tó ń jẹ́ RECOVERY ṣẹ́ gègé fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn, wọ́n sì ka àwọn tó kú láàárín ọjọ́ 28. Hydroxychloroquine, tó jẹ́ ọmọ ìyá chloroquine, kò dín ikú kù. Dexamethasone, oògùn pọ́ọ́kú tí àwọn obìnrin kan ń mu níhìn-ín kí wọ́n lè sanra, ló dín in kù fún àwọn tí àìsàn náà wọ̀ lára gan-an: lára àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ tó ń bá ènìyàn mí, 41 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú láìgba oògùn náà, 29 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú lára àwọn tó gbà á. Oṣù Kẹta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà, ayé ti gbọ́ èsì. Ohun tó mú un yá kánkán ni pé ìwé wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ti kúrò nílé ìwòsàn, wọn kò ní láti máa wá a kiri. Àkọsílẹ̀ ikú ìjọba yóò sọ bóyá ó ṣì wà.

Ní tiwa, ẹni tó bá ti jáde ní géètì ilé ìwòsàn, ó parí. Festac, tí wọ́n kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn adúláwọ̀ ti 1977, kún fún ará gbogbo ìpínlẹ̀, díẹ̀ sì ni ìdílé tí itẹ́ bàbá wọn wà nítòsí. Mùsùlùmí kú lówùúrọ̀, wọ́n sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ará Ìbò kú, mọ́ṣúárì gbà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, áńbúláǹsì gbé e gba afárá Ọya kọjá lọ sílé. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò gbọ́ oògùn, ẹbí gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú tàbí Àgbádárìgì, ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Ìkókó ọjọ́ mẹ́ta kú, wọ́n sin ín láìpe aládùúgbò, wọ́n sì ní kí ìyá rẹ̀ má sunkún. Mélòó nínú àwọn wọ̀nyí ló dé inú ìwé yín?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ló ń ṣẹlẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà. Ìwádìí ìlera ìdílé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018 sọ pé 512 obìnrin ló ń bá oyún àti ìbímọ lọ fún gbogbo ọmọ 100,000 tí a bí láàyè. Ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fún 2023 ni 993. Ṣé ikú àwọn ìyá di ìlọ́po méjì láàárín ọdún márùn-ún ni? Rárá o. Ọ̀nà ìṣirò ló yàtọ̀, ó sì di dandan kí wọ́n máa ṣírò nítorí pé kò sí ìwé àkọsílẹ̀ tó pé tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò.

A máa ń fẹ́ mọ iye òkú nígbà tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020, ìbúgbàù wó ilé kalẹ̀ ní Abúlé-Adó, ó sì ba ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin Bethlehem jẹ́. Láti ọjọ́ dé ọjọ́ ni iye òkú ń gòkè, títí ó fi lé ní ogún. Ta ló ka ẹni tí egbò pa ní oṣù kejì? Ta ló ka àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé lọ lẹ́yìn tí ilé tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ti wó? Ìwádìí tó péye kì í dáwọ́ kíkà dúró lọ́jọ́ tí àwọn oníròyìn bá kó ẹrù wọn kúrò.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwádìí lára ènìyàn ń ba àwọn ará wa lẹ́rù, ó sì nídìí. Ní 1996, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn lọ́rùnlọ́rùn ní Kano, Pfizer dán oògùn Trovan wò lára ọmọ 200. Ọmọ 11 kú: 5 lára àwọn tó gba oògùn tuntun, 6 lára àwọn tó gba ti tẹ́lẹ̀. Iye yẹn kéré jù láti fi sọ èyí tó sàn jù. Ẹjọ́ tó tẹ̀ lé e dá lórí àwọn òbí tó ní wọn kò gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn bó ti yẹ, àti lórí àwọn ọmọ tó yè tí ara wọn kò pé mọ́. Ọdún 2009 ni Pfizer tó gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ náà pẹ̀lú ìjọba Ìpínlẹ̀ Kano. Nítorí náà, kíkà ikú kò lè dípò gbígba àṣẹ, kò sì lè dípò bíbójú tó ẹni tó yè.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀, Ọlọ́lá.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí akọ̀wé tó ń gba ìròyìn ikú wà ní gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́dé wa àti ní sẹkitéríàtì yín, kí ẹ sì bá àwọn ará Oriade, ìjọba ìdàgbàsókè tó wà nínú agbègbè ìbílẹ̀ wa, sọ ọ́ kí wọ́n ṣe bákan náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ Àbújá nìyẹn. Òfin 69 ti ọdún 1992 gbé e lé Àjọ Ètò Ìkànìyàn lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé òfin ilẹ̀ wa kò gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ ṣe é ni. Kí ó sì jẹ́ ọ̀fẹ́, torí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kò ní san owó kí a tó kọ orúkọ òkú rẹ̀.

Èkejì, ẹ pe àwọn lémọ́ọ̀mù, pásítọ̀, olùtọ́jú mọ́ṣúárì, àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ òkú àti àwọn alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò jọ. Kò sí òkú tó kúrò ní Festac tí ọ̀kan nínú wọn kò mọ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan lórí fóònù tó láti sọ fún yín.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìlera tó mọ ọ̀rọ̀ sọ lọ bá ẹbí lẹ́yìn ọ̀fọ̀, kó sì béèrè bí àìsàn ṣe bẹ̀rẹ̀, ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé aláìsàn lọ, oògùn tí wọ́n fún un. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ṣèwádìí ikú àwọn ọmọdé jákèjádò Nàìjíríà ní 2019, nítorí náà kì í ṣe ohun tuntun.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ṣòfin pé ìwé yìí kò ní dé ọwọ́ agbowó-orí, kò sì ní dá sí ìjà ogún. Ọ̀pọ̀ ló ń pa ikú mọ́ nítorí owó ìfẹ̀yìntì tàbí nítorí ilé. Bí ẹ̀rù yẹn kò bá kúrò, irọ́ ni wọn ó máa sọ fún akọ̀wé yín.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ máa gbé iye náà síta ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni: ẹni mélòó, ọmọ ọdún mélòó, àdúgbò wo, kí ló fà á.

Ẹ̀kẹfà, aṣèwádìí tó bá fẹ́ wá dán oògùn wò lára àwọn ará wa, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò bá ti gbà fún un, kó wá sọ fún yín báwo ni yóò ṣe mọ ẹni tó kú lẹ́yìn tí wọ́n ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó bá parí, kó padà wá sọ iye tó kú níhà méjèèjì, ì báà dùn mọ́ iléeṣẹ́ oògùn tàbí kó má dùn mọ́ ọn.

Ẹnìkan yóò dìde sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mo gbọ́. Ojú ẹni ibi ni àwọn bàbá wa ń fi ìyẹn ṣọ́ alààyè fún. Wọn kò ní kí a gbàgbé òkú. Ìran tó ń fi oríkì to orúkọ bàbá ńlá rẹ̀ títí dé orísun kò lè sọ pé òun kì í ka àwọn tó ti lọ.

A ń retí ìdáhùn yín sí ìbéèrè méjì: ẹni mélòó ló kú ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ní ọdún tó kọjá, kí ló sì pa wọ́n? Bí iye náà kò bá sí lọ́wọ́ yín, ẹ sọ ọjọ́ tí kíkà yóò bẹ̀rẹ̀ fún wa, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tí a ó máa bi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùgbé Festac Town kan